Ṣé kọ̀ǹpútà lè mọ ẹ̀gẹ́ tó dára? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní oko ẹ̀gẹ́ ní ọ̀nà Ìkòyí-Ilé, mo sì ń yan gàrí tà. Àwọn ọ̀dọ́ kan láti ibi ìwádìí gbin oríṣiríṣi ẹ̀gẹ́ sí oko aládùúgbò mi. Wọ́n so ìwé pélébé mọ́ wọn, fóònù ni wọ́n sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló bá wọn yan èyí tó dára jù. Báwo ni kọ̀ǹpútà tí kò jẹ ẹ̀bà rí ṣe máa mọ ẹ̀gẹ́ tó dára? Ṣé wọn kò ti fi nǹkan sínú ẹ̀gẹ́ náà? Ṣé kí n kó ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ mi tó ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó dànù?"

Ìyá Ìbejì, ẹ kú oko o, ẹ sì kú ìdí agbada. Ìbéèrè mẹ́ta lẹ bi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó kẹ́yìn, nítorí òun ló lè ná yín lówó bí ìdáhùn bá pẹ́: ẹ má kó Ọkọ Ìyàwó dànù. Màá sọ ìdí rẹ̀.

Kí n tó débẹ̀, ohun kan wà tí mo fẹ́ kó yé yín. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò mọ ẹ̀gẹ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn. Ohun tí ọmọ ènìyàn gbé sórí òṣùwọ̀n lóko, tó sì kọ sílẹ̀, ló fi ń ṣírò. Oko tí ẹsẹ̀ wọn kò bá tẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ ibẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá díwọ̀n rẹ̀, kò sí bó ṣe lè sọ òótọ́ nípa rẹ̀. Nítorí náà, ìbéèrè yín nípa ẹ̀bà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lajú. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ yìí ti kù díẹ̀ káàtó.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí ẹ̀gẹ́ tuntun fi máa ń pẹ́ kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Igi la fi ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀gẹ́ tó bá sì hù láti ara igi kò yàtọ̀ sí èyí tí a gé e lára rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ oríṣi tuntun kò lè gba ọ̀nà igi, àfi kó gba ọ̀nà kóró. Òdòdó akọ àti òdòdó abo máa ń wà lórí igi ẹ̀gẹ́ kan náà. Wọ́n á mú òdòdó akọ láti ara oríṣi kan, wọ́n á fi kan abo ara oríṣi mìíràn, wọ́n á sì fi àpò kékeré bò ó kí kòkòrò má bàa gbé ti ibòmíràn wá. Èso náà á gbó ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Kóró mẹ́ta ni èso kan lè ní, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kóró kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ọmọ ọ̀tọ̀: bí ẹ bá gbin igba kóró tí bàbá àti ìyá wọn jẹ́ ọ̀kan, igba ẹ̀gẹ́ tí kò jọra ni ẹ máa rí. Òmíràn á ga gbọnrangandan, òmíràn á ya ẹ̀ka nílẹ̀, òmíràn á ta gan-an ṣùgbọ́n omi ni yóò kún inú rẹ̀. (Èyí tó ga tí kò yẹ̀ka, tí àwọn àgbẹ̀ fẹ́ràn nítorí igi gígé, ló sì máa ń ṣòro láti mú bímọ, torí ibi tí ẹ̀gẹ́ bá ti yẹ̀ka ni òdòdó rẹ̀ ti ń jáde.)

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹyọ kan ṣoṣo lẹ ní nínú ọmọ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún kan, bóyá igi mẹ́wàá lẹ máa rí gé lára rẹ̀. Ẹyọ ẹ̀gẹ́ kan kò lè sọ fún yín bóyá àbímọ́ ló mú un ta dáadáa tàbí orí ààtàn àtijọ́ ló bọ́ sí. Ẹ gbọ́dọ̀ tún un gbìn, kí ẹ ní mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ọgọ́rùn-ún, kí ẹ gbìn ín sí ìlú méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, kí ẹ sì máa yọ àwọn tí kò dára kúrò lọ́dọọdún. Láti orí kóró títí dé oko àgbẹ̀, ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni wọ́n máa ń lò nígbà tí kò sí ọ̀nà mìíràn. Ohun tó sì dunni jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó fẹ́ lo ọmọ kan gẹ́gẹ́ bíi bàbá tàbí ìyá fún ìran tó ń bọ̀ gbọ́dọ̀ dúró ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀ bóyá ọmọ náà yẹ.

Ibí yìí ni kọ̀ǹpútà ti wọlé. Bí ọmọ wa bá mú àfẹ́sọ́nà wá sílé, a kì í dúró kí wọ́n gbé ogún ọdún pọ̀ ká tó mọ irú ilé tó ti jáde. A máa ń rán ènìyàn lọ wádìí ìdílé: ṣé àrùn kan ń bá wọn jà, ṣé wọ́n máa ń dàgbà, ṣé oníwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe fún ẹ̀gẹ́ nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gẹ́ ṣì kéré, wọ́n á já ewé rẹ̀, wọ́n á ka DNA inú ewé náà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àbùdá tó jogún lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi, wọ́n á sì fi wé ti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ti gbìn, tí wọ́n ti wú, tí wọ́n sì ti díwọ̀n lóko fún ọdún púpọ̀. Bí àwọn ìbátan tó ní àmì kan báyìí ní ibì kan nínú DNA wọn bá sábà máa ń ta ju àwọn tí kò ní in lọ, kọ̀ǹpútà á fún àmì yẹn ní máàkì díẹ̀. Ó lè jẹ́ bíńtín ni máàkì orí àmì kan, ṣùgbọ́n wọ́n á ro gbogbo wọn pọ̀, á wá di àròpọ̀ kan fún ọmọ náà. Àwọn tí àròpọ̀ wọn bá ga ni wọ́n á tètè lò gẹ́gẹ́ bíi bàbá àti ìyá, láìdúró de ọdún mẹ́jọ.

Àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Meuwissen, Hayes àti Goddard, ló gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ nínú ìwé ìwádìí kan ní 2001. Àwọn tó ń sin màlúù fún wàrà ló kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀ gan-an, torí akọ màlúù kò ní ọmú tí èèyàn lè fún wàrà rẹ̀ wò, àfi kí wọ́n wádìí ìdílé rẹ̀. Fún ẹ̀gẹ́, iṣẹ́ ńlá tí wọ́n pè ní NextGen Cassava bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ló darí rẹ̀, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí NRCRI fún ohun ọ̀gbìn bí ẹ̀gẹ́ àti iṣu ní Umudike àti àwọn ará Uganda sì wà nínú rẹ̀. Inú iṣẹ́ yẹn ni Cassavabase ti jáde, àká ńlá kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń kó gbogbo ohun tí wọ́n bá díwọ̀n lára ẹ̀gẹ́ sí: orúkọ rẹ̀, bàbá àti ìyá rẹ̀, oko tó wà, ọdún tí wọ́n gbìn ín, kílò tó gbé, àrùn tó ṣe é. Kò ní kọ́kọ́rọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ní dátà lórí fóònù lè wọ ibẹ̀ lọ wò ó. Ìwé pélébé tí ẹ rí lára ẹ̀gẹ́ aládùúgbò yín ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀gẹ́ náà. Fóònù ló ń ka àwọn ìlà dúdú orí rẹ̀, kí ohun tí wọ́n bá díwọ̀n lè lọ tààrà sábẹ́ orúkọ tó ni ín, kí akọ̀wé tí oòrùn ti pa má bàa kọ ìwọ̀n ẹ̀gẹ́ kan sábẹ́ òmíràn. Ó lè dà bí ohun kékeré lójú yín, ṣùgbọ́n àṣìkọ kan ṣoṣo lè sọ ẹ̀gẹ́ burúkú di bàbá ogójì ọmọ.

Ṣé iṣẹ́ náà ti bímọ? Ó ti bí. Ní 2020 wọ́n fọwọ́ sí àwọn ẹ̀gẹ́ tuntun ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Game Changer, Obasanjo-2, Hope, Baba-70 àti Poundable. Ẹ máa rí nínú wọn tí nọ́ńbà rẹ̀ nínú ìwé bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TMS13F. Ọdún 2013 ni 13 yẹn ń tọ́ka sí. Ẹ ka iye ọdún tó wà láàárín: pẹ̀lú gbogbo ìṣirò, ó ṣì tó ọdún méje. Ẹni tó bá sọ fún yín pé kọ̀ǹpútà ti sọ oko di ohun tí kò wúlò mọ́ kò mọ iṣẹ́ náà. Yíyan òbí ló yá. Wíwú ẹ̀gẹ́ lóko, gbígbé e sórí òṣùwọ̀n, fífi í lọ àwọn àgbẹ̀, wọn kò yí padà.

Ẹ tún bi mí bóyá wọ́n fi nǹkan sínú rẹ̀. Rárá, mà. Kíkà ni wọ́n ka DNA rẹ̀, wọn kò yí i padà. Òdòdó sí òdòdó ni wọ́n fi bí i, bí oyin àti àwọn kòkòrò mìíràn ti máa ń ṣe nínú oko yín láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Àwọn ohun ọ̀gbìn tí wọ́n mú nǹkan láti ara ohun mìíràn sínú DNA wọn wà lọ́tọ̀, òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 ló sì ń darí wọn. Wọn kì í gbin irú ìyẹn sí oko àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìgba àṣẹ.

Ó kan Ọkọ Ìyàwó. Nínú àkójọ IITA, TME 7 ni wọ́n ń pe ẹ̀gẹ́ tó ń jẹ́ Ọkọ Ìyàwó. Ẹ mọ àrùn tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tó máa ń kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, tó sì ń sọ ẹ̀gẹ́ di ràrá. Mòsáíìkì ni wọ́n ń pè é, eṣinṣin funfun kékeré ló sì ń gbé e kiri. Ní 2002, àwọn onímọ̀ fi hàn pé àbùdá kan ṣoṣo tó wà nínú ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ Nàìjíríà lè dáàbò bo ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́ àrùn yìí. Orúkọ tí wọ́n fún un ni CMD2. Láti oko àwọn bàbá wa ló ti wá, kì í ṣe láti yàrá ìwádìí kankan. Lónìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń pín káàkiri Áfíríkà ló jogún rẹ̀. Ní 2021 wọ́n tẹ ìwé jáde nípa gbogbo DNA TME 7, tí wọ́n ti ya apá tó wá láti ọ̀dọ̀ bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára ti ìyá, ní 2022 sì ni àwọn onímọ̀ tó rí ibi tí CMD2 jókòó sí gan-an. Inú mi máa ń dùn gidigidi sí èyí. Àwọn tó ń gé igi Ọkọ Ìyàwó fún ara wọn láti oko dé oko ti pa ohun kan mọ́ tí gbogbo Áfíríkà ń jẹ lára rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi búra pé TME 7 ni èyí tó wà lóko yín. Wọ́n ti já ewé ẹ̀gẹ́ káàkiri oko ní Nàìjíríà, wọ́n ka DNA wọn, wọ́n sì rí i pé orúkọ tí àgbẹ̀ ń pe ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kì í bá ohun tó wà lóko mu nígbà gbogbo. Òmíràn ń pe ẹ̀gẹ́ ìwádìí ní orúkọ ìbílẹ̀, òmíràn rò pé tuntun lòun gbìn, ti bàbá rẹ̀ ló wà nílẹ̀. Èyí gan-an tún jẹ́ ìdí tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ kó o dànù: ó lè jẹ́ ohun tí kò sí nínú àká kankan.

Gbígbìn tún wà tí wọ́n ń ṣe sínú kọ̀ǹpútà lásán, láìsí ilẹ̀, láìsí igi. Oríṣi méjì ni. Nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n á dá ẹ̀gẹ́ àfojúrò sílẹ̀, wọ́n á so bàbá pọ̀ mọ́ ìyá, wọ́n á sì jẹ́ kí kọ̀ǹpútà sáré ogún ọdún tàbí àádọ́ta ọdún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìgbà. AlphaSimR, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwádìí Roslin ní Scotland, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò. Ìbéèrè owó ló sábà máa ń dáhùn. Bí owó tó wà kò bá lè gbin ju ẹgbẹ̀rún kan ebè lọ, ṣé kí a gbin ọmọ púpọ̀ sí ìlú kan, àbí ọmọ díẹ̀ sí ìlú púpọ̀? Ẹ kò lè fi àádọ́ta ọdún ayé yín dán irú ìyẹn wò. Ẹ̀kọ́ kan sì máa ń jáde lemọ́lemọ́ níbẹ̀: bí ẹ bá ń mú kìkì àwọn òbí mélòó kan tó dára jù lọ́dọọdún, èrè á kọ́kọ́ ga kíákíá, lẹ́yìn náà á dúró, torí gbogbo ẹ̀gẹ́ náà ti di ọmọ ìyá kan, kò sí ohun tuntun tí wọ́n lè bí mọ́. Ẹni tó bá ní ẹ̀gẹ́ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà yẹn ni wọ́n á wá.

Oríṣi kejì ni èyí tó ń ṣírò bí ohun ọ̀gbìn ṣe ń dàgbà lójoojúmọ́: òjò tó rọ̀, oòrùn tó ràn, irú ilẹ̀, ọjọ́ tí ẹ gbìn ín. DSSAT àti APSIM ni gbajúmọ̀ nínú wọn. Wọ́n lè bi í pé, bí òjò bá dá lágbede méjì oṣù keje sí oṣù kẹjọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, báwo ni oríṣi yìí yóò ṣe ṣe? Ó dára fún àgbàdo, tó ń parí ayé rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Lójú tèmi, agbára rẹ̀ kò tíì tó bẹ́ẹ̀ lórí ẹ̀gẹ́, tó ń gbé inú ilẹ̀ fún ọdún kan, tó ń wọ́ ewé dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó tún ń rú ewé tuntun bí òjò bá dé. Kò sì mọ̀ pé màlúù wọ oko.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ilẹ̀ yín, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Lára àwọn ìlú tí IITA ti máa ń dán ẹ̀gẹ́ wò ni Ìbàdàn, Ìkẹ́nẹ́, Ubiaja, Onne àti Mokwa. Ìbàdàn wà nísàlẹ̀ yín níbi tí igbó ti ń parí, Mokwa wà lókè yín nínú ọ̀dàn. Ògbómọ̀ṣọ́ bọ́ sí àárín wọn. Ẹ̀gẹ́ tó gbé ipò kìíní ní Ìbàdàn lè gbé ipò kẹfà lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Kò túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ilẹ̀ àti òjò ló yàtọ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá wá sí ìgbèríko yín, ẹ fún wọn láyè. Ebè tí wọ́n kọ sí oko aládùúgbò yín ni yóò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà mọ ohunkóhun nípa ọ̀dọ̀ yín.

Gàrí wá ńkọ́? Ohun mẹ́ta ló rọrùn jù láti díwọ̀n, àwọn ló sì kún inú àká: kílò ẹ̀gẹ́ tútù, máàkì àrùn láti 1 sí 5, àti iye ẹ̀gẹ́ gidi tó wà nínú rẹ̀ bí a bá yọ omi kúrò. Ẹ̀kẹta yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n, torí omi ni ẹ ń fi òkúta tẹ̀ dànù. Ẹ sì lè díwọ̀n rẹ̀ fúnra yín láìní kọ̀ǹpútà. Ẹ fọ ẹ̀gẹ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ẹ gbé e sínú àwọ̀n, ẹ fi kọ́ òṣùwọ̀n tí a ń fi nǹkan kọ́, kí ó jẹ́ kílò márùn-ún géérégé, ẹ yọ ìwọ̀n àwọ̀n kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ rì í sínú dúrọ́ọ̀mù omi nígbà tó ṣì so kọ́ òṣùwọ̀n, kí ó má fara kan ìsàlẹ̀, ẹ tún kà á. Ẹ fi ìwọ̀n inú omi dín ìwọ̀n ìta kù. Iye tó bá kù ni kí ẹ fi pín ìwọ̀n ìta. Ẹ fi 158.3 sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì yọ 142 kúrò. Bí kílò márùn-ún bá di 0.5 nínú omi, ó já sí nǹkan bí 34 nínú 100. Bí ó bá di 0.4, 30 péré ni. Gíráàmù ọgọ́rùn-ún péré nínú omi, nǹkan bíi kílò mẹ́rin ohun gidi sì ti lọ nínú ọgọ́rùn-ún kílò ẹ̀gẹ́ tí ẹ rà tàbí tí ẹ wú.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń mú gàrí tà lọ́jà ju ìyẹn lọ. Ṣé ó ń wú nínú omi? Ṣé ẹ̀bà rẹ̀ ń fà? Ṣé ẹ̀gẹ́ náà rọrùn láti bó, àbí èèpo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn tó fi jẹ́ pé ọ̀bẹ ń jẹ ẹran ara rẹ̀? Báwo ni làfún rẹ̀ ṣe rí? Èyí ni ẹ̀yin obìnrin ìdí agbada mọ̀, tí àwọn tó ń ṣe ìwádìí ń díwọ̀n lára ẹ̀gẹ́ díẹ̀, torí ẹnikẹ́ni kò lè yan gàrí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta oríṣi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó dùn mí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kílò àti àrùn ni wọ́n fi ń yan ẹ̀gẹ́ jù. Oríṣi tó gbé tọ́ọ̀nù púpọ̀ dé ọwọ́ àwọn tó ń yan gàrí, wọ́n sì kọ̀ ọ́.

Ohun tí mo rọ̀ yín láti ṣe nìyí. Ẹ gba igi oríṣi tuntun méjì lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ náà, ẹ gbìn wọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọkọ Ìyàwó ní ọjọ́ kan náà. Fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣe ìlà márùn-ún, kí ìlà kan jẹ́ ẹ̀gẹ́ márùn-ún, mítà kan síra, kí ẹ sì tún un ṣe ní ibi mẹ́ta nínú oko, torí ilẹ̀ oko kan kì í jọra. Bí ó bá pé oṣù méjìlá, ẹ̀gẹ́ mẹ́sàn-án tó wà láàárín nìkan ni kí ẹ wú kà. Àwọn tó wà létí máa ń rí oòrùn jù. Ẹ kọ kílò rẹ̀, ẹ kọ kílò tó kù lẹ́yìn tí ẹ bó o, ẹ kọ kílò gàrí tó jáde. Ẹ bu ife gàrí kan sínú abọ́, ẹ da omi sí i, ẹ wo iye ife tó di. Kí ẹni kan náà yan gbogbo rẹ̀, torí ọwọ́ yàtọ̀ sí ọwọ́.

Bí ẹ bá fún àwọn ọ̀dọ́ náà ní ìwé yẹn, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà tó wà lórí ìwé pélébé, kí wọ́n sì ṣí i fún yín lórí fóònù kí ẹ fojú yín rí i. Bí ẹ bá fẹ́ gbin Ọkọ Ìyàwó lọ́dún tó ń bọ̀, ara èyí tí ewé rẹ̀ kò ká kò ni kí ẹ ti gé igi, ẹ sì ti máa fi òwú pupa sàmì sí i láti ìgbà òjò, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ewé bá ti wọ́, ẹ kò ní mọ èyí tó ń ṣàìsàn mọ́.